Hóòsì omi kékeré méjì tó wọ throttle body: kí ni iṣẹ́ wọn, ṣé ó yẹ ká yọ wọ́n?

SpánàMẹ́tàlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Mo fẹ́ tú throttle body mọ́tò mi kí n fọ̀ ọ́, torí ẹ̀gbin dúdú ti gbá mọ́ ọn nínú, ẹ́ńjìnnì sì máa ń gbọ̀n bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Nígbà tí mo tú rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò, mo rí hóòsì kékeré méjì tó wọ abẹ́ rẹ̀. Omi rédíétọ̀ ló wà nínú wọn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ni throttle body, kí wá ni omi gbígbóná ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ méjèèjì kúrò, kí n so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn, pé afẹ́fẹ́ tútù ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́, pé mọ́tò á lágbára sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

ÀgbàMẹkáníìkì

Àbúrò, o ṣeun tí o kọ́kọ́ béèrè. Má yọ wọ́n. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á sì rí ìdí.

Inú throttle body ni àwo pẹlẹbẹ kan wà tó ń ṣí tó ń pa. Bí o bá tẹná, á ṣí. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á fẹ́rẹ̀ẹ́ padé tán, á wá ku àlàfo tín-ínrín létí rẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kò dẹ́kun fífa afẹ́fẹ́. Ìfúnpá tó wà lẹ́yìn àwo yẹn lè wálẹ̀ dé 30 sí 40 kPa (kilopascal, òṣùwọ̀n ìfúnpá), nígbà tí ti ìta wà ní nǹkan bí 100 kPa. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àlàfo yẹn kọjá máa ń sáré débi pé eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìró dọ́gba, bó sì ṣe ń sáré bẹ́ẹ̀ ló ń tutù. Afẹ́fẹ́ tó tutù kò lè gbé ọ̀rinrin púpọ̀ dání, omi inú rẹ̀ á sẹ̀ sára irin. Bí irin náà bá tutù dé òdo dígírì, omi ọ̀hún á di yìnyín, á sì dì létí àwo gan-an, níbi tí kò sí àyè fún nǹkan kan.

Omi tún ń wá láti ibòmíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Bí lítà bẹntiróòlù kan bá jóná, omi tó tó lítà kan ló ń ti ara rẹ̀ jáde bí èéfín omi. Èyí tó pọ̀ jù ń bá sàlẹ́ńsà lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ọ́ìlì wà. Hóòsì PCV, èyí tó ń fa èéfín kúrò níbi tí ọ́ìlì wà, á wá fà á padà wá sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, nítòsí throttle body yìí kan náà. Ìyẹn ni pé bí afẹ́fẹ́ ìta tiẹ̀ gbẹ, ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbé omi tirẹ̀ wá.

Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi la ọ̀nà kékeré sínú ògiri throttle body, tí kúláǹtì (omi rédíétọ̀ yẹn) tó ti gbóná dé 85 sí 95 °C ń gbabẹ̀ kọjá. Wọ́n sábà máa ń fà á láti tọ́ọ̀pù sílíńdà, ṣáájú tẹmọ́sítáàtì (fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ nígbà tí omi bá gbóná), kó lè máa ṣàn kódà bí tẹmọ́sítáàtì kò bá tíì ṣí. Lẹ́yìn náà á padà síbi tí wọ́tà pọ́ǹpù ti ń fa omi. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń móoru ni throttle body náà ń móoru pẹ̀lú rẹ̀.

AwakọÒtútù

Ẹ̀gbọ́n ti sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lójú awakọ̀, torí ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni mo ti ń wakọ̀.

Kì í ṣe ọjọ́ tí òtútù bá mú jù ló léwu jù. Ọjọ́ tí kùrukùru bá bo ilẹ̀, tàbí tí òjò bá ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú ọjọ́ sì wà láyìíká òdo dígírì, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra. Mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan ní 0 °C lè gbé tó gíráàmù omi márùn-ún. Tó bá di −20 °C, kò lè gbé ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ. Omi ló ń di yìnyín. Bí omi ò bá sí, kò sí ohun tó máa dì.

Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí èèyàn ti wà lórí eré kan náà fún ìgbà pípẹ́. Àwo inú throttle body ò yí pa dà, yìnyín á máa kóra jọ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lo máa wá rí i pé ẹ́ńjìnnì ò sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló ń ké lọ bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà lórí pẹ́dàlì. Nígbà míì, òdìkejì rẹ̀ ni: ìwọ̀nba àlàfo tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí nígbà tí o bá dúró á dí, á sì kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú iná ìdádúró.

Ohun tó ń da mẹkáníìkì láàmú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí o bá ti páàkì bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru ẹ́ńjìnnì á gòkè wá, yìnyín á yọ́, gbogbo nǹkan á padà sípò. Wàá gbé e lọ, wọn ò ní rí nǹkan kan. Mọ́tò tí mo lò tẹ́lẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, wọ́n sì ti fẹ́ pààrọ̀ throttle body fún mi kí ẹnì kan tó kíyè sí i pé kúláǹtì ti dín. Throttle body wà lókè ju ọ̀pọ̀ ibi tí omi ń gbà lọ, nítorí náà bí omi bá dín, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló kún inú hóòsì kékeré yẹn, ooru ò sì dé ibi tó yẹ kó dé.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ nígbà tí o ń sáré, tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan, má máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwo bá há ní ṣíṣí, agbára fífà tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ti dín, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó kí o máa fi ṣòfò. Gbé jíà sí fíríì. Kúrò lójú ọ̀nà, kí o tó pa ẹ́ńjìnnì. Má yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mọ́tò ṣì ń yí, kí sítíárì má bàa tì pa.

AṣíròỌkọ̀

Mo fẹ́ fi ìṣirò dáhùn ọ̀rọ̀ agbára tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ, torí mo máa ń gbọ́ ọ níbi gbogbo, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó gé hóòsì tó dára nítorí rẹ̀.

Mú ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tó ń yí nígbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, tí àwo ṣí pátápátá. Ìyípo méjì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìdajì 2.0 ní ìlọ́po 6000 jẹ́ lítà afẹ́fẹ́ 6000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 100 lítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n rẹ̀ tó bí gíráàmù 120. Láti fi dígírì kan péré kún ooru gbogbo afẹ́fẹ́ yẹn, èèyàn nílò tó wáàtì 120. Ẹ wo bí throttle body ṣe kéré tó: ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 60, tí gígùn rẹ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ kọjá ní nǹkan bí mítà 35 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì lo ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ooru tó lè ti ara ògiri bọ́ sára afẹ́fẹ́ kò ju èyí tó máa fi dígírì kan sí méjì kún un. Dígírì kan sì ń dín ìwúwo afẹ́fẹ́ kù ní ìdá kan nínú 300. Fún ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 150, nǹkan bí ìdajì agbára ẹṣin kan la ń sọ. Kò sí ẹsẹ̀ awakọ̀ kankan tó lè mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí o bá rọra ń wakọ̀ ńkọ́? Níbẹ̀, àwo fúnra rẹ̀ ló ń pinnu iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á ṣí àwo síwájú ní ìwọ̀n irun orí kan, ó tán.

Kókó ibẹ̀ ni pé irin ni omi yẹn ń mú gbóná. Kì í ṣe torí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Irin tó gbóná kò gba yìnyín láyè láti dì mọ́ ọn, bí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára rẹ̀ tiẹ̀ tutù. Bí èèyàn bá fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tutù lóòótọ́, kó wo ibi tí àpótí fílítà ti ń fa afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ inú ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti ń fà á, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ lè ju dígírì 20 lọ.

ỌmọEréÌje

Mo fara mọ́ ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tó ní ìdí láti yọ ọ́. Mọ́tò tí a ń lò fún eré ìje nìkan, tí wọn kì í gbé jáde lọ́jọ́ òtútù, a máa ń yọ ọ́ kí hóòsì tó lè jò lè dín ní iye. Àti pé nígbà tí a bá ń tú máníífólù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà) lóòrèkóòrè, ó ń dín wàhálà kù. Agbára ò sí nínú rẹ̀, mo gbà.

Adétù_Ẹ́ńjìnnì

Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tó bá yọ ọ́ lè má mọ nǹkan míì tí omi yẹn ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba méjì.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ tó ń lo okùn láti fi ṣí throttle, fáàfù kan wà lára throttle body tí ìda wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìda náà á súnkì, fáàfù á ṣí, afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, ẹ́ńjìnnì á máa yára yí kó lè tètè móoru. Bí kúláǹtì bá ti gbóná, ìda á wú, á ti fáàfù pa, ẹ́ńjìnnì á sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá yọ hóòsì kúrò, ìda náà ò ní gbóná bó ṣe yẹ. Mọ́tò á máa ké sókè ní gbogbo ìgbà, á máa jẹ epo, ìwọ á sì máa wá sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ kiri. Mo ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ju bí mo ṣe lè kà lọ. Bákan náà ló rí bí omi bá dín tàbí bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí: ẹ́ńjìnnì tó ń yára yí lẹ́yìn tó ti gbóná, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n kúláǹtì.

Èkejì le jùyẹn lọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, hóòsì yẹn wà lára ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àti ooru omi (omi tó ti hó di èéfín) fi ń jáde kúrò nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ẹ́ńjìnnì V8 LS1 ti General Motors tó jáde ní 1997 jẹ́ àpẹẹrẹ: páìpù kékeré tó ń kó ooru omi jáde láti orí ẹ́ńjìnnì gba inú throttle body kọjá kó tó lọ sí rédíétọ̀. Ẹni tó bá fi nǹkan dí i pa ti ti ooru omi mọ́ inú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ibi tí ooru omi bá wà, omi ò kan irin, irin á gbóná jù. Nítorí náà, ẹni tó bá pọn dandan fún láti fo throttle body (kí omi má gba inú rẹ̀ kọjá mọ́), kó so hóòsì tó ń bọ̀ mọ́ èyí tó ń lọ, kí omi lè máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni má ṣe dí i pa.

SpánàMẹ́tàlá

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú àlàyé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ agbára sílẹ̀. Àmọ́ ohun kan ń yà mí lẹ́nu. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, mo wá rọra fọwọ́ kan àwọn hóòsì náà. Ọ̀kan gbóná débi pé mi ò lè di í mú. Èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

ÀgbàMẹkáníìkì

Rárá o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, méjèèjì ló yẹ kó gbóná, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ kéré. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi dé ẹnu ọ̀nà ṣùgbọ́n kò kọjá. Bí méjèèjì bá tutù, wo ìwọ̀n kúláǹtì, wo bóyá afẹ́fẹ́ há sínú hóòsì, kí o sì wo tẹmọ́sítáàtì, torí èyí tó bá há ní ṣíṣí kì í jẹ́ kí omi gbóná tó.

Ti ìwọ yìí, ó jọ pé ọ̀nà inú ti dí. Ihò ibẹ̀ kéré, kò sì sí ohun tó tètè ń dí i bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ láti dí ojú ibi tó ń jò. Omi lásán tí wọ́n ń rọ sí i láìsí kúláǹtì náà ń bí ìpẹtà àti ìdì funfun. Àwọn kúláǹtì tí kò bára mu, bí wọ́n bá pàdé, lè dì bí ẹrẹ̀. Nígbà tí o bá tú u, wo àwọ̀ omi tó bá jáde. Bó bá ní àwọ̀ pupa-rúsúrúsú tàbí tó bá ki, kì í ṣe throttle body nìkan ló nílò fífọ̀.

Tú u báyìí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kódà di ọjọ́ kejì. Omi tó wà lábẹ́ ìfúnpá lè ju 100 °C lọ láìhó, á bó ọ lára bí o bá ṣí ìdérí. Ìgbà tó bá tutù ni kí o ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ìfúnpá lọ, kí o tún un dé. Sàmì sí hóòsì méjèèjì kí o má bàa yí wọn pa dà. Bí rọ́bà náà bá ti lẹ̀ mọ́ irin, má fi túláàsì fà á, yí i díẹ̀díẹ̀ kó kọ́kọ́ tú. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti le tàbí tó ti là, pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà tó ń gba kúláǹtì ni kí o fi rọ́pò, rọ́bà epo kò ní pẹ́ níbẹ̀. Gbé ẹnu wọn sókè tàbí kí o dí wọn fún ìgbà díẹ̀, omi tó máa dà nù ò ní pọ̀.

Da omi sínú ihò ọ̀nà náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, títí tí á fi máa jáde fàlàlà. Má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ alágbára fẹ́ ẹ, torí nínú àwọn throttle body kan gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ló ya ọ̀nà omi kúrò lára ọ̀nà afẹ́fẹ́, o lè fọ́ ọ. Ọ̀nà afẹ́fẹ́, aṣọ tó ní oògùn ìfọ̀ ni kí o fi nù ún, má fọ́n oògùn náà lọ́pọ̀ sí ibi tí ọ̀pá àwo ti wọ ara. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kékeré oníná ń yí àwo rẹ̀ dípò okùn, má fi ọwọ́ ti àwo náà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn.

AwakọÒtútù

Kí n fi èyí kún un: lílé afẹ́fẹ́ jáde ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Lẹ́yìn tí o bá dá gbogbo rẹ̀ padà, tú kílíìpù hóòsì tó ga jù lára throttle body díẹ̀ kí o tó tan ẹ́ńjìnnì, kí o máa rọra da kúláǹtì sínú rédíétọ̀ títí omi tí kò ní ìfófòó á fi jáde níbẹ̀. Di í padà. Tan ẹ́ńjìnnì, tan ooru inú mọ́tò sí ibi tó ga jù, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù rédíétọ̀ á fi yí. Lọ́jọ́ kejì, tó bá ti tutù, tún wo ìwọ̀n omi, torí ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Kúláǹtì àti omi ní ìdajì-ìdajì kì í dì títí dé nǹkan bí −37 °C. Omi lásán nínú hóòsì kékeré yìí lè dì kó sì là á.

SpánàMẹ́tàlá

Ibi tí mo wà, òtútù ò sí níbẹ̀ rárá. Kì í wálẹ̀ dé 10 °C. Ṣé wàhálà yìí ṣì tọ́ sí mi?

AṣíròỌkọ̀

Ti yìnyín, bóyá ni wàá fi rí i. Inú ihò tó wọ sílíńdà tàbí inú sílíńdà fúnra rẹ̀ ni mọ́tò òde òní ń fọ́n epo sí, lẹ́yìn throttle body, nítorí náà epo kì í mú throttle body tutù. Kábúrétọ̀ ló yàtọ̀. Inú rẹ̀ ni epo ti ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, gbígbẹ epo yẹn sì lè fi tó dígírì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín ooru ibẹ̀ kù. Yìnyín lè dì nínú kábúrétọ̀ kódà bí ìta bá móoru, bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ òfúrufú tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú kékeré oníkábúrétọ̀ fi ní ọ̀pá kan tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà tó dí nínú throttle body ń sọ bí inú rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ṣe rí fún ọ. Èyí nìkan tó láti mú kí o tú u wò.

Adétù_Ẹ́ńjìnnì

Kí Spánà tó dá a padà, kó wo gásíkẹ́ẹ̀tì tí Àgbà mẹ́nu bà yẹn dáadáa. Bó bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì á máa fa kúláǹtì mu láti ibẹ̀. Kúláǹtì á máa dín láìsí ibi tó ń jò sílẹ̀, èéfín funfun tó ní òórùn dídùn á máa jáde, pàápàá tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò láàárọ̀. Gbogbo èèyàn á sì sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà ló ti jó, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ibí yìí nìkan ni mo ti ń gba èèyàn níyànjú láti fo throttle body, fún ọjọ́ díẹ̀. So hóòsì méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú páìpù kékeré àti kílíìpù tó dáa, sàmì sí ìwọ̀n kúláǹtì, máa wa mọ́tò bí o ṣe ń wà á. Bí omi bá dúró tí èéfín sì lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì throttle body ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Bí omi bá ṣì ń dín, ìgbà yẹn ni kí o wá wo tọ́ọ̀pù sílíńdà. Nígbà tí o bá ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, nu ojú irin méjèèjì mọ́ tónítóní láìfi ọ̀bẹ ha á, di bóòtù rẹ̀ ní àgbélébùú díẹ̀díẹ̀, kí o sì dá hóòsì méjèèjì padà síbi tí o bá wọn.

SpánàMẹ́tàlá

Mo ti tú u. Ẹrẹ̀ pupa ló jáde nínú ọ̀nà omi náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa. Gásíkẹ́ẹ̀tì ò jẹ. Ní báyìí omi ń gbabẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo máa fọ rédíétọ̀ àti gbogbo ọ̀nà omi kí n tó da kúláǹtì tuntun sí i.

ÀgbàMẹkáníìkì

O ṣe é dáadáa. Bí o bá ń fọ̀ ọ́, tú hóòsì ooru inú mọ́tò náà, irú ẹrẹ̀ kan náà máa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá fi omi mímọ́ ṣàn án títí tó fi mọ́, fi omi tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú po kúláǹtì tuntun, èyí tí ìwé mọ́tò rẹ dárúkọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, fọwọ́ kan hóòsì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn fífọ̀, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ láìtẹná kí brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) lè kọ́ ipò tuntun tí àwo wà. Àwọn mọ́tò kan nílò kí o fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣe èyí fún wọn.